Alágbẹ̀dẹ Tó Ń Lurin Lójú Kan: Ìtàn Ẹ̀wù Irin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Àwọn Tó Tún Ń Rọ Ọ́ Lónìí

  

Lọ́dọọdún, nínú ìwé ètò yìí, ìtàn ilé la máa ń kà: ìtàn Ifẹ̀, ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé, ìtàn ogun Kírìjì. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ìtàn àwọn onílẹ̀ tí a ń bá gbé. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní, àwọn ọmọ wa ń kọ́ nípa rẹ̀ nílé ìwé. Wọ́n ń kó wọn lọ wo àwọn ilé olódi àtijọ́, wọ́n á padà wálé pẹ̀lú idà oníke lọ́wọ́ àti ìbéèrè lẹ́nu, àwa òbí kì í sì í mọ ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Èkejì, ìtàn náà ní ẹ̀kọ́ kan nínú tó kan aṣọ tó wà lọ́rùn wa lónìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n máa tò ó bọ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní ìlú Ọba yìí, àwọn ọkùnrin àti obìnrin kan wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oṣù láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn oníṣirò owó bíi tèmi náà kò gbẹ́yìn. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, wọ́n á bọ́ sínú búkà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n á máa lu irin. Ẹ̀wù ogun tí àwọn baba ńlá wọn wọ̀ ní 500 tàbí 600 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń rọ. Kò sí ogun tí wọ́n fẹ́ lọ jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í tà á. Iṣẹ́ àfipawọ́ ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn nìyẹn.

Kí ni ẹ̀wù irin?

Láti nǹkan bí ọdún 500 títí dé nǹkan bí ọdún 1500 ni àwọn òpìtàn òyìnbó ń pè ní sànmánì àárín, ìyẹn ni pé ó wà láàárín ayé àwọn ará Róòmù àti ayé òde òní. Idà, ọ̀kọ̀, àáké àti ọfà ni wọ́n fi ń jagun nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ padà wálé láàyè á wá ohun kan fi bo ara.

Oríṣi mẹ́ta ni ohun tí wọ́n ń wọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀wù onítìmùtìmù. Wọ́n á kó aṣọ lórí ara wọn ní ìpele púpọ̀, tàbí kí wọ́n ki òwú sáàárín ìpele méjì, wọ́n á sì rán an pọ̀ títí yóò fi le. Ọmọ ogun tí kò lówó á wọ̀ ọ́ lásán. Olówó á wọ̀ ọ́ sábẹ́ irin, kí irin má baà bó o lára, kí agbára idà má sì fọ́ egungun rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀wù olóòrùka. Òrùka irin kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni wọ́n so kọ́ra wọn tó di ẹ̀wù. Òrùka kọ̀ọ̀kan gba inú òrùka mẹ́rin mìíràn kọjá, wọ́n á sì fi ìṣó tíńtín kan kan ẹnu rẹ̀ pa. Aṣọ Bayeux, tí wọ́n fi òwú aláràbarà ya àwòrán ogun Hastings ti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1066 sí lára, gùn tó nǹkan bí mítà 70. Lára rẹ̀ a rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ẹ̀wù olóòrùka lọ sídìí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pá ni wọ́n fi gba apá ẹ̀wù náà kọjá, ènìyàn méjì sì gbé ọ̀kan. Ẹni tó ya àwòrán náà mọ̀ pé ẹrù wúwo ni.

Ẹ̀kẹta ni irin pẹlẹbẹ. Láti àwọn ọdún 1200 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pẹlẹbẹ kún ẹ̀wù olóòrùka, lórí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1400, irin ti bo ajagun ẹlẹ́ṣin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀: àṣíborí lórí, ìgbàyà láyà, ìbọ̀wọ́ irin tó ní ìka márùn-ún lọ́wọ́. Milan ní ilẹ̀ Ítálì, àti Augsburg àti Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ni òkìkí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ kàn jù.

Ìwé ìṣirò kò purọ́

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, òun ni mo sì ń jẹ. Nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ní kí a wo owó inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1181, Ọba Henry Kejì gbé òfin kan jáde nípa ohun ìjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà kò wo gíga ènìyàn tàbí agbára rẹ̀. Dúkìá rẹ̀ ló wò. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó tó ti ajagun ẹlẹ́ṣin kan gbọdọ̀ ní ẹ̀wù olóòrùka, àṣíborí, asà àti ọ̀kọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ẹrú, tí dúkìá tàbí owó ilẹ̀ rẹ̀ tó máàkì 16, òun náà gbọdọ̀ ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní máàkì 10 á ní ẹ̀wù olóòrùka kékeré, fìlà irin àti ọ̀kọ̀. Àwọn ará ìlú yòókù tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílé á ní ẹ̀wù onítìmùtìmù, fìlà irin àti ọ̀kọ̀. Máàkì kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́ọ̀nù kan, owó ńlá sì ni nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ibi tó wù mí jù nínú òfin yẹn nìyí: ẹni tó bá ti ní ohun ìjà wọ̀nyí kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi dógò, kò sì gbọdọ̀ fi yáni. Bí ó bá kú, ti àrólé rẹ̀ ni. Ogún ìdílé ni wọ́n kà á sí.

Iṣẹ́ tó níyì bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá kàn dìde. Láti ọdún 1322 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ẹ̀wù irin ti wà ní ìlú London, ọba sì fún wọn ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1453. Ó yẹ kí èyí yé àwa Yorùbá dáadáa, nítorí bí a ṣe ń ṣe nílé náà ni. Ọmọ á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á jíṣẹ́, á gbálẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, kó tó di pé wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Ọba Henry Kẹjọ pàápàá kó àwọn alágbẹ̀dẹ àjèjì wá, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn ní Greenwich. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1547, wọ́n ka gbogbo dúkìá rẹ̀ sínú ìwé, ẹ̀wù irin àti àṣíborí rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń lo ìwé yẹn. Ẹ ò rí i pé àwa oníṣirò náà wúlò!

Bí iṣẹ́ náà ṣe parun

Ìbọn ló pa á. Bí ìbọn ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń mú irin nípọn sí i, títí ó fi wúwo ju ohun tí ènìyàn lè gbé lọ. Wọ́n bọ́ ti ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bọ́ ti apá, ó ku ìgbàyà àti àṣíborí. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún 1640, ilé iṣẹ́ Greenwich parí sí. Nígbà tí àwọn ọdún 1600 fi ń lọ sópin, ọmọ ogun tó ń wọ irin ti di ẹni tí a ń wá kiri.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọkàn sí ibí yìí. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ náà. Kò sí ọ̀tá tó wá dáná sun ún. Oníbàárà ló tán. Ọ̀gá kò rí ẹni ra ọjà rẹ̀ mọ́, ọmọ ọ̀gá lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohun tí òòlù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé wà fún. Ohun tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn mọ̀, ọwọ́ wọn ló wà, díẹ̀ ló sì wọ inú ìwé. Nígbà tí ọwọ́ náà wọlẹ̀, ìmọ̀ náà bá a lọ. Ẹ̀wù irin ṣì wà ní ààfin àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an.

Òjò Eglinton

Lẹ́yìn bí ìgbà ọdún, ìfẹ́ ohun àtijọ́ tún jí. Ìwé ìtàn àròsọ Ivanhoe tí Walter Scott gbé jáde ní ìparí ọdún 1819 mú kí ọ̀rọ̀ ajagun ẹlẹ́ṣin gbòde kan. Ní ọdún 1824, Samuel Rush Meyrick gbé ìwé ńlá jáde lórí ẹ̀wù irin àtijọ́, ó sì fi ojú ìwádìí wò ó dípò ìtàn àgbọ́sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá kan kò fẹ́ kàwé, wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1839, Ọlọ́lá Eglinton pe eré ìdíje àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin sí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ayrshire, ní Scotland. Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá ra ẹ̀wù irin lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní London, Samuel Pratt. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá wòran láti gbogbo ìlú. Bí ètò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òjò dé, kì í sì í ṣe òjò kékeré. Pápá di ẹrẹ̀, àwọn tó wọ irin ń ṣí agbòjò, àwọn ìwé ìròyìn sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà fún ọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ṣe é nígbà tí òjò dá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín òjò yẹn ni ayé rántí.

Àwọn baba wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á ṣo ó. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Owó àwọn ọlọ́lá yẹn tó láti ra irin, ṣùgbọ́n owó kò ra ìmọ̀ tó wà nínú irin náà.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn tó wá lẹ́yìn gbà. Ní ọdún 1939, wọ́n hú àṣíborí kan nínú sàréè ọba kan ní Sutton Hoo, ní Suffolk. Ó ti lé ní 1,300 ọdún nínú ilẹ̀, ó sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ British Museum tò ó pọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ó yá, wọ́n rí i pé kò rí bó ṣe yẹ, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un tò ní 1970 sí 1971. Ní ọdún 1973, àwọn oníṣẹ́ Royal Armouries rọ ẹ̀dà rẹ̀ tuntun. Ìgbà náà ni ojú wa tó rí bí ó ṣe ń kọ mànà nígbà tó wà lórí olówó rẹ̀. Ẹ̀dà náà àti àjákù náà jọ wà ní mùsíọ́mù yẹn. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Ní ọdún 1953, Martin Burgess kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀wù olóòrùka. Òun náà kò kàn wo ohun àtijọ́ lójú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Society for Creative Anachronism. Wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin tí wọ́n rọ fúnra wọn, ọ̀pá ìkàn tó le ni wọ́n sì ń lò dípò idà kí ẹnikẹ́ni má baà kú. Ẹgbẹ́ yẹn ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wù olóòrùka. Wọ́n á ra wáyà irin, wọ́n á wé e mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi dà bí sípírínì. Wọ́n á gé e ní òrùka òrùka. Wọ́n á fi òòlù tẹ ẹnu méjèèjì rẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n á lu ihò tíńtín síbẹ̀, wọ́n á kó o kọ́ àwọn òrùka mẹ́rin, wọ́n á sì kan án pa. Ó di ọ̀kan. Wọ́n á mú òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Ká ní òrùka 25,000 ni ẹ̀wù kan gbà, ká sì ní ìṣẹ́jú kan péré ni òrùka kọ̀ọ̀kan gbà. Ìṣẹ́jú 25,000 jẹ́ wákàtí 416 àti ìṣẹ́jú 40. Bí ènìyàn bá ń fi wákàtí 10 sí i lọ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní ọ̀sẹ̀ 42. Bí ẹni náà kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe, ìṣẹ́jú kan kò ní tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ!

Ti irin pẹlẹbẹ tún yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi páálí gé àwòṣe, wọ́n á wọ̀ ọ́ wò lára bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ. Wọ́n á gé irin, wọ́n á lù ú wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí gbòǹgbò igi kí ó lè tẹ̀ kòròbòtò, wọ́n á sì máa lu ojú rẹ̀ títí yóò fi dán. Irin bíi mílímítà kan sí méjì ni wọ́n sábà ń lò. Lẹ́yìn náà ni awọ àti ìdè, àti àwọn ìṣó tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn kí orúnkún lè ká.

Nígbà tó bá parí, wọ́n á gbé e jáde. Ní ìlú Tewkesbury, níbi tí ogun ńlá kan ti wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1471, wọ́n ń ṣe ọdún sànmánì àárín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń ṣe ogun náà ní eré lójú gbogbo ayé. Idà wọn kò mú, àwọn alábòójútó wà lórí pápá, omi mímu kò sì jìnnà, nítorí ooru inú irin kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí, tó rí àwọn ìdílé balógun lórí ẹṣin nínú ọ̀ṣọ́ àwọn baba wọn, kò ní bi àwọn ará Tewkesbury léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ohun tí ọwọ́ rí tí ojú kò rí

Wàyí o, kí ni wọ́n fà yọ nínú irin tí wọ́n ń lù lójú kan? Ohun púpọ̀ ni.

Fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn ènìyàn gbà pé ajagun tó wọ irin kò lè dá dìde bó bá ṣubú, àti pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé e sórí ẹṣin. Sinimá Henry V tí Laurence Olivier ṣe ní 1944 pàápàá fi í hàn bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn tó rọ ọ́ tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ rí i pé odidi ẹ̀wù irin tí wọ́n fi ń jagun sábà máa ń wọ̀n tó kílò 20 sí 25, ó sì pín káàkiri ara. Wọ́n ń sáré nínú rẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ń dìde. Ìwé ìtàn ayé Boucicaut, ajagun Faransé tó kú sí ìgbèkùn ní Yorkshire ní 1421, ti sọ pé ó máa ń ta òkìtì nínú ẹ̀wù irin. Àwọn kan kà á sí àsọdùn. Lónìí, àwọn tó wọ ẹ̀dà rẹ̀ ti ṣe é, a sì fi ojú rí i.

Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ó rọrùn. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí Yunifásítì Leeds gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n wọ ẹ̀dà ẹ̀wù irin fún àwọn tó mọ̀ ọ́n wọ̀ dáadáa, wọ́n sì ní kí wọ́n rìn, kí wọ́n sì sáré lórí ẹ̀rọ ìsáré bíi ti jíìmù. Agbára tí wọ́n lò láti rìn lé ní ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò wọ nǹkan. Irin ẹsẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn ń gbé e sókè. Ìgbàyà kò sì jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹ wá rántí ogun Agincourt ti ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1415, tí àwọn ajagun Faransé fi ẹsẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá nínú irin kí wọ́n tó kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rẹ̀ wọ́n kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ti sọ fún wa pé wọ́n ṣubú. Ẹ̀wù irin tí wọ́n tún rọ ló jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wa sí i.

Wọ́n tún kọ́ pé irin ìgbàyà kì í nípọn bákan náà níbi gbogbo: ó nípọn níwájú níbi tí ikú ti ń wọlé, ó fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹrù lè fúyẹ́. Ẹ̀wù irin kan tí wọ́n rọ fún Henry Kẹjọ ní 1520 ní irin 235, wọ́n sì bára wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àlàfo lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá bí wọn yóò ṣe ṣe aṣọ fún àwọn tó ń lọ sí òfurufú ní àwọn ọdún 1960, wọ́n wá wo bí oríkèé ẹ̀wù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀: alágbẹ̀dẹ tó kú ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún ṣáájú ṣì ní ohun tó lè kọ́ àwọn tó fẹ́ lọ sínú òṣùpá.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwọn baba tiwa ńkọ́, ṣé wọn kò wọ irin ni? Lókè, ní Bornu àti ní ilẹ̀ Hausa, àwọn ẹlẹ́ṣin wọ ẹ̀wù onítìmùtìmù, wọ́n wọ̀ ọ́ fún ẹṣin wọn pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò dé Bornu ní àwọn ọdún 1820, wọ́n bá ẹ̀wù olóòrùka lára àwọn ẹ̀ṣọ́ olórí ibẹ̀. Ọ̀yọ́ náà ní ẹlẹ́ṣin tó mú kí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú igbó, kòkòrò ń pa ẹṣin, igi kò jẹ́ kó sáré, ooru kò sì jẹ́ kí ènìyàn ru irin. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ní Òṣogbo, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin, ẹṣin kò sì lè borí igbó mọ́. Ẹ̀wù ogun tí oǹdè kún ara rẹ̀ ni àwọn jagunjagun wa gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí ilẹ̀ bá gbà ni ọmọ ilẹ̀ ń wọ̀.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹ lọ rọ ẹ̀wù irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó bá wù, kó ṣe é. Ohun tí mo fà yọ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lówó, wọ́n ní mùsíọ́mù, wọ́n ní yunifásítì, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn fún bí ìgbà ọdún, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣa á jọ, wọn kò sì tíì ṣa á tán. Wọ́n ń bi irin léèrè, nítorí ọ̀gá tí wọn ì bá bi ti kú.

Àwa, ọ̀gá wa kò tíì kú. Ní Ìṣẹ́yìn, àwọn kan ń hun aṣọ òkè ní àárọ̀ yìí. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyá kan ń ti ọwọ́ bọ aró. Ní Ọ̀yọ́, àwọn kan ń fín igbá. Alágbẹ̀dẹ ṣì ń fín ná ní abúlé wa. Ẹnu wọn ṣì lè dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó pa iṣẹ́ Greenwich: oníbàárà ló tán. Ta ni oníbàárà àwọn ará Ìṣẹ́yìn? Àwa ni. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán aṣọ òkè sí lára ni a ń rà nítorí pé ó dín ní pọ́ọ̀nù díẹ̀, èrè díẹ̀ ni a jẹ, àmọ́ gbèsè tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò san pọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀. Kò pé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó kúrò ní gbọ̀ngàn yìí, kó lè fi ọwọ́ kan ẹtù, sányán àti àlàárì, kó sì mọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nígbà tí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ilé àríyá nìkan ni a ó mú wọn lọ. Ẹ mú wọn lọ sídìí òfì, kí ọ̀gá jẹ́ kí wọ́n ju òwú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lò jù: ẹ fi fóònù yín ya fídíò ọwọ́ wọn, ẹ má ya ojú wọn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín. Bí ó bá wọ́, kò burú. Òrùka kan la fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wù.

Àwọn tó ń lu irin lẹ́yìn ilé wọn ní ìlú Ọba yìí, mo kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. Wọ́n fi hàn wá pé ohun tó sọnù ṣeé wá rí, wọ́n sì tún fi iye tó ń náni hàn wá. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì sọnù, ẹ jẹ́ kó dì í mú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa yóò mọ ilé, wọn yóò sì mọ oko. Ọdún tí a ṣe yìí, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà àti ìlera. Àṣẹ.